Orúkọ Kẹsàn-án Lára Òkúta Massè

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé òkúta ìrántí dúró ní oríta Massè ni ata kò ta Ìyábùnmi lẹ́nu mọ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé ata náà ni kò dára. Ó mú òmíràn, ata wẹ́wẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ká lẹ́yìn ilé, ó lọ̀ ọ́, ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn lá omi òjò. Ó fọwọ́ kan etí ìkòkò tó wà lórí iná. Awọ ìka rẹ̀ súnkì, ó funfun, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára. Ó wo ìka náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ó ro ọkà rẹ̀ parí, nítorí ọkọ rẹ̀ máa tó ti ìdí ọ̀pẹ dé.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Kò bà á.

Bí òkúta náà ṣe dé oríta nìyí. Ní ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ ọjà Pobè, mọ́tò báàṣé kan, èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, ń kó àwọn ọlọ́jà bọ̀ wálé. Àwọn kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kpayo, èyí tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀, wà lábẹ́ àga tí èrò jókòó lé. Ó gbiná nítòsí Massè. Èèyàn mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan kò sì jáde. Iná náà jó wọn débi pé ìyá kò lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Báàgì àti káàdì ìdánimọ̀ tí iná kò jó tán ni wọ́n fi mọ ẹni tó jẹ́ ẹni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin gbogbo wọn pọ̀ sínú kòtò kan láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí ìdílé kan yọ̀ǹda, wọ́n sì ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú orúkọ tí wọ́n pè ni Ìyábùnmi Fáṣèyí.

Ṣùgbọ́n Ìyábùnmi kò sí nínú mọ́tò náà. Ó ti wọ̀ ọ́ o. Ó ti ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ àga, pẹ̀lú fóònù àti káàdì rẹ̀ nínú. Nígbà náà ni obìnrin kan tó gbé adìẹ dúdú mọ́ra yọjú láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ààyè kù níbẹ̀?" Ìyábùnmi rántí pé òun kò tíì ra iyọ̀. Ó ní, "Bá mi jókòó síbí ná, mò ń bọ̀." Kí ó tó ra iyọ̀ tán, mọ́tò ti lọ. Inú bí i. Ó sùn sílé àbúrò ìyá rẹ̀ ní Pobè, ó sì di ọjọ́ kẹta kí ó tó wọ Massè. Ó bá èrò nínú àgbàlá ara rẹ̀, wọ́n ń bá ọkọ rẹ̀ kẹ́dùn.

Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n gbé e sókè bí ìyàwó tuntun. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó ń bọ òrìṣà tú omi tútù sílẹ̀ fún orí rẹ̀. Nínú ayọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó béèrè pé ta wá ni a sin. Òkú mọ́kànlélógún ni wọ́n kà kí Ìyábùnmi tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n ṣì jẹ́ mọ́kànlélógún. Òun náà kò béèrè. Ó rí ojú obìnrin náà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ síbẹ̀, inú rẹ̀ á pa rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ọdún yípo. Àwọn èèyàn kó ara wọn jọ, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìrántí sílẹ̀. Baba Félicien, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mẹ́tìrì, ni alága. Ènìyàn rere ni. Òun ló ń kọ lẹ́tà káàkiri títí tí òkúta dúdú kan fi ti Cotonou dé. Òkúta náà ga ju èèyàn lọ, ó sì ń dán bíi dígí. Oríta ni wọ́n gbé e sí, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè rí i. Inú oko ẹ̀gẹ́ tí àwọn òkú wà jìnnà síbẹ̀ díẹ̀, koríko sì ti bò ó. Ìwé orúkọ tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìsìnkú ni wọ́n fà yọ láti inú fáìlì, òun náà ni wọ́n fún agbẹ́ òkúta. Ẹnì kan kò mú ìwé náà yí ilé ká kí àwọn ẹbí tún un kà.

Orúkọ kẹsàn-án ni ti Ìyábùnmi.

Lẹ́yìn ata, ó kan iyọ̀. Lẹ́yìn iyọ̀, ó kan oòrùn. Ó ń tẹ iyanrìn gbígbóná lọ́sàn-án gangan láìwọ bàtà, kò mọ̀. Ajá aládùúgbò, tí kì í yé gbó o, kò gbé orí sókè mọ́ bó bá ń kọjá. Ní ọjà, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá pe èèyàn kí ẹni náà tó yíjú, á sì máa wo ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí ohùn ti jáde. Ó pàtẹ gàrí láti àárọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ń rékọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì í. Kò dùn ún. Ó kàn ń wò wọ́n lọ, ó ń wò wọ́n bọ̀, nígbà tí oòrùn yẹ̀ ó dì í padà, ó gbé e relé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Mobọ́lájí ọkọ rẹ̀ ti ibi ẹmu dé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìyábùnmi gbé omi dúró níwájú rẹ̀. Títílayọ̀, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méjìlá, jáde láti inú ilé wá bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ wo ni Màmá máa dé?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Mobọ́lájí. Ó wo àgbàlá yí ká. Ojú rẹ̀ kọjá lára ìyàwó rẹ̀ bí ojú ṣe ń kọjá lára ògiri.

"Ó wà níbí láàárọ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò dá a lójú.

"Mo wà níbí," ni Ìyábùnmi wí.

Ọmọ náà ṣẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Màmá, mi ò rí yín." Ó na ọwọ́ gba omi náà. Ọwọ́ wọn kanra, ọmọ náà sì fa tirẹ̀ sẹ́yìn kíá, ó nù ún mọ́ aṣọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹja tútù.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyábùnmi lọ sí oríta. Kò tíì lọ wo òkúta náà rí. Ó dúró síwájú rẹ̀. Ó rí títì nínú rẹ̀, ó rí alùpùpù méjì tó ń kọjá lẹ́yìn òun, ó rí igi ọ̀pẹ àti ojú ọ̀run. Ní ibi tó yẹ kó ti rí ojú ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló rí.

Ó ti ibẹ̀ lọ sílé Mẹ́tìrì. Baba náà jókòó sí ìloro, ìwé kún orí tábìlì rẹ̀. Ìyábùnmi kúnlẹ̀, ó kí i. Ó kí i lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni baba náà gbé ojú sókè.

"Ìyàwó Mobọ́lájí. Ìgbà wo lo dé?"

"Mo ti wà níbí, Mẹ́tìrì. Ẹ kọ orúkọ mi sára òkúta."

Mẹ́tìrì bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún pẹ́. "Mo mọ̀. Òkúta ti dúró kí wọ́n tó sọ fún mi. Àṣìṣe ni, kò dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣí i, ọmọ mi. Àwọn aláṣẹ ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀. A ti tẹ ìwé ètò, mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Òkúta kì í ṣe pátákó ilé-ìwé tí èèyàn ń nù."

"Ṣùgbọ́n mo wà láàyè."

"Ta ni kò mọ̀ pé o wà láàyè? Kí ni lẹ́tà ara òkúta lè ṣe sí ìyẹn?"

Ó fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ìyábùnmi kò tíì dìde lórí orúnkún nígbà tí ó gbọ́ tí baba náà ń bi ìyàwó rẹ̀ nínú ilé pé ta ló ṣí géètì sílẹ̀.

Fátókun agbẹ́ òkúta ń lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìdí ìrántí náà nígbà tí Ìyábùnmi padà débẹ̀. Ìpè kan ṣoṣo ni ó pè é, ó sì yíjú. Ọkùnrin àgbà ni, eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni Ìyábùnmi," ni ó wí. Kò fi ṣe ìbéèrè.

"Èmi ni."

"Mo ti dí orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó rán mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé o wà láàyè, mo po lẹ́ẹ̀dì dúdú, àtè tí a fi ń dí ojú òkúta, mo dí i, mo fi bébà oníyanrìn ra á títí tí kò fi hàn mọ́. Bí mo bá dé láàárọ̀, màá bá a bí mo ṣe kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Ìyẹ̀fun òkúta á wà nílẹ̀ bí ìgbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀."

"Ta ló ń gbẹ́ ẹ?"

"Mi ò rí ẹni." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì nìkan ló wà níbẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń kọ orúkọ òkú. Bí mo bá ṣi orúkọ kọ, mo máa ń dí i, ó sì máa ń gbà. Èyí kò gbà, torí pé ẹnì kan ń lò ó. Mọ́kànlélógún ni wọ́n sin, Ìyábùnmi. Bí mo bá yọ tìrẹ, ogún ló kù. Ẹni yẹn kò ní nǹkan mìíràn tí wọ́n máa fi pè é."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Lọ wá orúkọ rẹ̀ wá. Màá gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó di Sátidé. Bí gbogbo ìlú bá fi lè pe orúkọ yẹn tán níwájú òkúta…"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú irinṣẹ́ rẹ̀.

Ìyábùnmi jókòó sórí pèpéle ìdí òkúta. Láti ọdún kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Ó rí obìnrin náà bó ṣe gun mọ́tò. Ó rí bó ṣe di adìẹ rẹ̀ mú kó má baà ta ẹsẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sì gbọ́ ohun tó sọ fún awakọ̀, nígbà tí òun Ìyábùnmi ń sọ̀kalẹ̀: "Ìyànà Tatonnonkon ni kí ẹ já mi sí o."

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó dá alùpùpù zémidjan kan dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí Tatonnonkon. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́kọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà, tó bojú wẹ̀yìn.

"Mo rò pé ẹ ti jábọ́," ni ó wí ní ẹ̀ẹ̀kejì. "Mi ò gbọ́ ìwúwo yín lẹ́yìn mi." Láti ìgbà náà, eré ni ó ń sá, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní Tatonnonkon, obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyábùnmi kí i títí tó fi gbọ́. Ó bi í bóyá ẹnì kan wà ní abúlé wọn tó lọ sí ọjà Pobè lọ́dún tó kọjá tí kò sì padà.

"Tí kò padà? Rárá. Gbogbo wa la padà." Obìnrin náà mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Àfi ọmọ Màmá Àdùkẹ́. Ìyá rẹ̀ sì ní ó ti dé."

"Ẹ̀yin ti rí i?"

Obìnrin náà bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán kí ó tó fèsì. "A máa ń rí aṣọ rẹ̀ lórí okùn."

Ilé Màmá Àdùkẹ́ ni ó kẹ́yìn, ibi tí oko àgbàdo ti bẹ̀rẹ̀. Arúgbó kúkurú kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyábùnmi kò tíì dé àgbàlá nígbà tí ó gbé ojú sókè.

"Kú ìrìn, ọmọ mi. Wá jókòó. Oòrùn yìí ti pọ̀ jù."

Ìyábùnmi dúró. Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹnì kankan ti kọ́kọ́ kí i kó tó kí wọn. Ó jókòó sórí àpótí tí arúgbó náà tì sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, àwo oúnjẹ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n dorí wọn kodò lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ wọ́n.

"Mo máa ń rí yín bí ẹ bá ń kọjá," ni Màmá Àdùkẹ́ wí jẹ́jẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. "Láti ìgbà tí ọmọ mi ti dé ni ojú mi ti ń rí yín. Àwọn yòókù kì í yà. Ìwọ nìkan ló yà."

"Èmi kì í ṣe òkú, Màmá."

Arúgbó náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. "Kó rí bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí inú ilé. "Ìyábùnmi, bu omi fún àlejò."

Ìyábùnmi la ẹnu láti dáhùn. Kò sí ohùn níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣí, ahọ́n rẹ̀ gbé, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

"Màá," ni ẹnì kan dáhùn nínú yàrá.

Òórùn ìyẹ́ adìẹ tó jóná gba ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n gbọ́ tí igbá kan ìkòkò. Aṣọ ẹnu ọ̀nà mì díẹ̀, igbá omi sì wà nílẹ̀ ní ìloro, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kò rí ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀. Eérú tín-ín-rín kan ń léfòó lórí omi náà.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀?" Ohùn Ìyábùnmi ti padà, ó rí fẹ́lẹ́.

"Kò dáhùn orúkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ọjà yẹn, ilẹ̀ ti ń ṣú kí ó tó dé. Ó ń rùn fún èéfín. Mo fi orúkọ tí mo sọ ọ́ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ṣe ló ń wò mí. Ó wá ní kí n máa pe òun ní Ìyábùnmi. Mo ní kí ló dé. Ó ní orúkọ tí wọ́n pè nìyẹn nígbà tí wọ́n ń bo àwọn mọ́lẹ̀."

"Màmá, èmi ni Ìyábùnmi."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró nínú ẹ̀wà.

Ìyábùnmi sọ fún un nípa òkúta, nípa orúkọ kẹsàn-án, nípa Sátidé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó wà lára ògiri. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ ni mo wá gbà."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́, á mọ ibi tó wà. Kò ní wá mọ́."

"Mo lọ́mọ kan. Ó bi bàbá rẹ̀ ọjọ́ tí màá dé, mo sì wà níwájú rẹ̀."

Adìẹ kan wá ṣa ẹ̀wà tó bọ́ sílẹ̀, Màmá Àdùkẹ́ kò lé e.

"Ẹnì kan kò bi mí," ni ó wá sọ. "Ọdún kan gbáko. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbé òkúta. Kò sí ẹni tó wá sí ẹnu ọ̀nà yìí kó ní, 'Ìyá, ṣé ọmọ yín dé?' Bí wọ́n bá ti bi mí, mi ò bá ti wí pé kò dé. Mi ò bá ti sunkún rẹ̀. Ẹnì kan kò béèrè, ni mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè é. Ó sì wá jẹ ẹ́."

Ó tẹjú mọ́ Ìyábùnmi. "Ó sọ nǹkan kan fún mi tí kò yé mi. Ó ní òun ń di àyè mú fún ẹnì kan. Ó ní ẹni náà ní kí òun bá a jókòó síbẹ̀, pé ó ń bọ̀. Ó ní òun kò lè dìde títí ẹni náà fi máa dé. Ṣé o mọ ẹni náà?"

Irọ́ kan wà nítòsí tí Ìyábùnmi lè pa. Ó rí i, ó jẹ́ kó kọjá.

"Èmi ni. Mo ní kó bá mi jókòó, mò ń bọ̀. Mi ò sì padà. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n sin, Màmá. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ni mo ti mọ̀. Mi ò béèrè rẹ̀."

Arúgbó náà mi orí, ó pẹ́ kó tó ṣíwọ́. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyábùnmi dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú aṣọ náà, kò ṣí i. Ó mọ̀ pé ẹnì kan wà ní ìhà kejì, ó sún mọ́ débi pé bí òun bá na ọwọ́, yóò kàn án. Aṣọ náà ń wọlé, ó ń jáde, bí ìgbà tí èèyàn ń mí sí i lára.

"Mo ti dé," ni ó wí. "Mo pẹ́. Mo ti dé báyìí. Dìde."

Aṣọ náà dẹ́kun mímì.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní ohùn tó lọ sílẹ̀ débi pé àgbàlá lè gbé e mì, Màmá Àdùkẹ́ pe ọmọ rẹ̀. "Ìbídùn." Ó tún pè é. "Ìbídùn ọmọ mi." Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó pè é ní ẹ̀ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ó bo ojú mọ́ ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó sì sunkún. Ìyábùnmi wá jókòó tì í lórí ilẹ̀. Ó fẹ́ bá a sunkún. Omijé kò wá.

Arúgbó náà kò gbà kí Ìyábùnmi gbé orúkọ náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gun zémidjan lọ sí oríta Massè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fátókun, tí ó ń sọ ọ́ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní kó kọ ọ́ pé ọmọ Àdùkẹ́ ni, ará Tatonnonkon. Ó béèrè ibi tí ọmọ òun wà gan-an. Nígbà tí wọ́n nawọ́ sí oko ẹ̀gẹ́, ó wò ó, ó wo òkúta tó kọ ẹ̀yìn sí oko náà, ó ní, "Títì ni ẹ jẹ́ kó máa wò." Fátókun dí orúkọ kẹsàn-án, ó fi ọwọ́ pa á, ó sì gbẹ́ tuntun sí i. Lẹ́ẹ̀dì náà gbẹ lójú wọn.

Mẹ́tìrì Félicien dé ibẹ̀ bí Fátókun ti ń lu lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ó ti ń bínú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ka ohun tó wà lára òkúta, ó wo arúgbó náà, ìbínú sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹríba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ìyá, a ò béèrè."

"Ẹ ò béèrè," ni Màmá Àdùkẹ́ wí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mẹ́tìrì fi kálámù fa ilà pa orúkọ Ìyábùnmi nínú ìwé ètò, ó ka orúkọ mọ́kànlélógún. Nígbà tí ó pe Ìbídùn, afẹ́fẹ́ kan fẹ́ kọjá lára àwọn èèyàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyábùnmi gbọ́ tí ariwo dé sí etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù, ọmọ tó ń ké, fèrè àwọn akọrin. Ọwọ́ Títílayọ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó gbóná, ó ń làágùn. "Màmá, ẹ ń fún mi lọ́wọ́ pa," ni ọmọ náà wí. Mobọ́lájí wò ó, ó wò ó gan-an, ó ní, "Kí ló dé tó o fi rù báyìí?" Ibẹ̀ ni Ìyábùnmi ti sunkún, níwájú àwọn aláṣẹ àti gbogbo ìlú, ó sunkún ọdún kan.

Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ọjọ́ ọjà méjì kọjá kó má dé Tatonnonkon. Á gbé gàrí lọ, á bá Màmá Àdùkẹ́ gbálẹ̀, wọ́n á jókòó, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ ẹnu ọ̀nà kò mì mọ́. Ìyá náà ṣì ń bu oúnjẹ sí àwo méjì, Ìyábùnmi sì ń jẹ èkejì, torí kò dára kí oúnjẹ ṣòfò, kò sì mọ bí òun ṣe máa kọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n ń yín àgbàdo nínú òjìji ilé. Ìyábùnmi kẹ̀yìn sí arúgbó náà. Ó ń ro iṣẹ́ tó ń dúró dè é nílé.

"Ìbídùn," ni Màmá Àdùkẹ́ wí, láìgbé ojú sókè, "bu omi wá."

"Màá," ni Ìyábùnmi wí, ó sì dìde.

Ó ti wọ yàrá, ó ti ṣí ìdérí àmù, kí ó tó mọ orúkọ tí òun dáhùn. Ó dúró níbẹ̀. Ní ìta, arúgbó náà ń yín àgbàdo rẹ̀ lọ, àgbàdo ń bọ́ sínú àwo tó, tó. Ìyábùnmi ti ọwọ́ bọ inú àmù títí dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi í síbẹ̀, ó ń dúró kí ó mọ̀ ọ́n lára pé omi náà tutù.